Fóònù Méjì, Àpò Kan: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Rà?

Gbogbo ẹni tí ó wà ní ìpàdé wa tí ó kọjá ni yóò rántí pé ọ̀rọ̀ fóònù ni kò jẹ́ kí a tètè túká lọ́jọ́ náà. Àwọn kan nínú wa ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí ẹgbẹ́ fi fóònù kún àwọn ọjà tí à ń rà fún ọmọ ẹgbẹ́, tí à ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ìrẹsì, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Ilé fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé irú èwo ni kí á rà, ariwo sọ. Apá kan ní Samsung Galaxy A55 ni. Apá kejì, tí àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ jù níbẹ̀, ní Google Pixel 8a ni baba ẹ̀.

Alága wá ní kí akọ̀wé lọ fara balẹ̀ wádìí méjèèjì, kí ó sì kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé ìròyìn yìí, kí kálukú lè kà á kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí. Èrò tèmi ni ẹ ó kà níhìn-ín o, kì í ṣe àṣẹ ìgbìmọ̀. N kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kankan, wọn ò fún mi ní fóònù ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá rí fóònù lọ́wọ́ mi, ti àtẹ̀yìnwá náà ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún 2021, èmi náà yá owó nínú ẹgbẹ́ yìí, mo fi ra fóònù tòkunbọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ irú èyí tí ó jẹ́. Ó dán, ó rẹwà, ẹni tí ó tà á fún mi sì búra pé oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n lò ó ní òkè òkun. Kò pé oṣù mẹ́rin tí bátìrì rẹ̀ fi wú, tí ó sì ti ẹ̀yìn fóònù náà síta bí ẹni tí ó lóyún. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe, ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn ò rí irú bátìrì náà rà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo sì fi san owó fóònù tí ó ti kú. Bí wọ́n bá ti yọ owó náà lára owó oṣù mi, á wá dà bí ẹni pé ìsìnkú ni mo ń dáwó fún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iye tí wọ́n ń ta fóònù ọ̀tọ̀, iye tí yóò ná ènìyàn ọ̀tọ̀.

Kí ni iye owó tí à ń sọ?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fẹ́rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí. Samsung gbé A55 jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ní Ìlú Ọba, £439 ni wọ́n ń ta èyí tí àyè ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 128GB nígbà tí ó jáde. Google gbé Pixel 8a jáde ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. £499 ni wọ́n fi lélẹ̀ ní Ìlú Ọba, $499 ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì kì í ṣe fóònù mẹ̀kúnnù, wọn kì í sì í ṣe ti àwọn olówó rẹpẹtẹ. Àárín ni wọ́n wà, tí ojú wọn ń wo òkè.

Ẹ wá wo ohun tí náírà sọ ọ́ dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báǹkì. Nínú oṣù yẹn náà ni ìjọba yọwọ́ kúrò nínú dídá iye náírà dúró. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Èyí ni pé $499 tí kì bá tó ₦250,000 tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sí bíi ₦750,000, a ò tíì fi owó ibodè, owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò sí i. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́wàá lọ láìjẹ láìmu kí ó tó lè ra ọ̀kan. Ohun tí ó bá gba iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá, kò yẹ kí á fi ariwo ẹnu rà á.

Níbi tí àwọn méjèèjì ti jọra

Àwọn méjèèjì ń lo Android. Àwọn méjèèjì ni a lè rà ní 8GB fún agbára ìṣiṣẹ́, àti 128GB tàbí 256GB fún ìpamọ́. Ojú wọn mọ́ kedere, ó sì ń yọ́ lọ geere bí a bá ń fi ìka fà á. Àwọn méjèèjì ni omi kò lè tètè pa: ìwọ̀n IP67 tí wọ́n ní túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá já sínú omi tí kò jìn ju mítà kan lọ, wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìyẹn kì í ṣe pé kí ẹ máa fi wọ́n wẹ̀ o. Omi tútù tó mọ́ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe omi ọṣẹ, kì í ṣe omi òkun. Bákan náà, kò sí orí ṣájà nínú páálí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Okùn nìkan ni ẹ óò bá níbẹ̀. Kí ẹni tí kò bá ní orí ṣájà nílé ti mọ̀ pé owó mìíràn nìyẹn.

Níbi tí Pixel ti borí

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, nítorí wọn kò parọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọpọlọ tí ó wà nínú Pixel 8a, tí wọ́n ń pè ní Tensor G3, òun náà ni Google fi sínú Pixel 8 àti Pixel 8 Pro, àwọn fóònù ńlá tí ó gbé jáde ní ọdún 2023. Exynos 1480 tí ó wà nínú A55, ọpọlọ fóònù àárín ni. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn kọ́.

Ìkejì ni kámẹ́rà. Láti ọdún 2021 ni Google ti ń ṣe ohun kan tí wọ́n pè ní Real Tone sínú Pixel, kí àwọ̀ ènìyàn dúdú lè jáde nínú fọ́tò bí ó ṣe rí gan-an, kí ó má di eérú, kí ó má sì di èédú. Mo gba Pixel 8a ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo fi ya ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí iná kò ti pọ̀. Ìyá mi ni mo rí nínú fọ́tò náà, kì í ṣe òjìji rẹ̀. Arábìnrin wa kan tí ń ránṣọ sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí òun ń rí gbà, láti ara fọ́tò aṣọ tí òun ń gbé sórí WhatsApp ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà kì í ṣe fàájì fún un, irinṣẹ́ ni, bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ọdún, òun ni ó sì wúwo jù. Fóònù ayé òde òní kì í kú nítorí pé ó fọ́ nìkan. Ó lè kú nítorí pé àwọn tí ó ṣe é pa á tì. Lóòrèkóòrè ni ilé iṣẹ́ ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sínú fóònù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní update. Àtúnṣe yìí ló ń dí ihò tí àwọn olè orí ẹ̀rọ ń gbà wọlé. Bí ó bá dáwọ́ dúró, bí ọdún ti ń gorí ọdún, áàpù báǹkì lè sọ pé òun ò bá fóònù náà ṣe mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, WhatsApp pa àwọn fóònù tí ó wà lórí Android 4.4 tì. Fóònù kan lè wà nínú wọn tí kò ní àléébù kankan, tí ojú rẹ̀ kò sán, síbẹ̀ tí WhatsApp kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8a, èyí tí yóò gbé e dé ọdún 2031. Samsung ṣèlérí Android tuntun mẹ́rin àti àtúnṣe ààbò ọdún 5 fún A55. Ọdún 2029 ni ìyẹn yóò parí.

Níbi tí Samsung ti borí

A55 tóbi. Ojú rẹ̀ jẹ́ ìńṣì 6.6, ti Pixel 8a jẹ́ 6.1. Àwọn ọ̀dọ́ lè sọ pé ti Pixel rọrùn láti dì mú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń na fóònù jìnnà sí ojú kí á tó lè ka lẹ́tà inú rẹ̀, a mọ ohun tí ìdajì ìńṣì lè ṣe fún ènìyàn.

Bátìrì A55 jẹ́ 5,000 mAh, ti Pixel 8a jẹ́ 4,492. Bí iná bá dé, A55 ń gba iná wọlé ní ìwọ̀n wáàtì 25, Pixel ní 18. Níbi tí iná kì í lọ, ìyẹn lè dà bí ohun kékeré. Ládùúgbò wa níhìn-ín, tí NEPA lè mú iná wá fún wákàtí kan kí wọ́n tó tún mú un lọ, ẹni tí bátìrì rẹ̀ tóbi tí ó sì ń tètè kún ló jàǹfààní. Pixel ní tirẹ̀ lè gba iná láìfi okùn sí i, èyí tí A55 kò lè ṣe, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí ìyẹn yóò ṣe láǹfààní púpọ̀ nínú wa.

Gíláàsì ojú wọn náà yàtọ̀. Gorilla Glass 3 ni wọ́n fi sí ojú Pixel 8a, irú gíláàsì tí ó ti wà láti ọdún 2013. Gorilla Glass Victus+ ni ti A55, tí ó jẹ́ ti ọdún 2022. Gíláàsì ni gíláàsì ń jẹ́, èyí tí ó bá fi orí sọlẹ̀ lórí kọnkéré lè fọ́. Ṣùgbọ́n èyí tuntun lágbára ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ ti síìmù. Ta ni nínú wa tí kò ní síìmù méjì? Ọ̀kan fún ìpè, ọ̀kan fún dátà, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ni báǹkì ń fi ìwé owó ránṣẹ́ sí. A55 ń gba síìmù méjì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè fi mẹ́mórì káàdì sí àyè síìmù kejì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò lè wà lójú àyè kan náà, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Pixel 8a kò ní àyè mẹ́mórì káàdì rárá. Àyè síìmù kan ṣoṣo ló ní. Èkejì ní láti jẹ́ eSIM, èyí tí kò ṣe é fọwọ́ mú, tí nẹ́tíwọ̀kì yín yóò fi ránṣẹ́ sínú fóònù náà. A55 náà lè gba eSIM o. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀: bí fóònù yín bá kú lójijì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ lè yọ síìmù jáde, kí ẹ kì í bọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, kí ìpè máa wọlé lọ. eSIM kò ṣe é yọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń parí sí.

Ìṣirò orí ìwé

Ẹ jẹ́ kí á wá fi owó dá ọdún. Mo mú iye tí wọ́n ta wọ́n ní Ìlú Ọba nígbà tí wọ́n jáde, mo fi ọdún ìlérí pín in. £439 fún ọdún 5, nǹkan bí £88 lọ́dún kan ni A55. £499 fún ọdún 7, nǹkan bí £71 lọ́dún kan ni Pixel. Èyí tí ó wọ́n lójú wá di èyí tí ó pọ́n! Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí fóònù jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹni tí ó bá ra A55 ní ọdún 2026, ọdún 3 péré ló kù fún un. Ẹni tí ó bá ra Pixel 8a ní ọdún náà, ọdún 5 ló kù fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé ìlú London ni ẹgbẹ́ wa wà, èmi ì bá dúró síbí, kí n sọ pé Pixel ni kí á rà, kí á lọ sílé. Ṣùgbọ́n a kò sí ní London.

Ìṣirò ilé wa

Ohun àkọ́kọ́: Google kò tíì máa ta Pixel fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà. Gbogbo Pixel tí ẹ ń rí ní Computer Village ní Ìkẹjà àti níbòmíràn, àwọn oníṣòwò ló ń kó wọn wọlé láti ìlú òkèèrè. Wárántì tí ẹni tí ó tà á bá fún yín, ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ni. Bí ó bá kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò lọ́la, wárántì bá a lọ. Samsung ń tà ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ní ibi tí ó fọwọ́ sí pé kí á máa gbé fóònù lọ fún àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Google fúnra rẹ̀ kéde pé bátìrì àwọn Pixel 7a kan lè wú, òun yóò sì bá àwọn tí ó ní in pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣe dáadáa, ó sì yẹ kí á yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti lè gbé fóònù náà lọ fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ yìí, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Jámánì àti àwọn díẹ̀ mìíràn ni. Nàìjíríà kò sí lára wọn. N kò sọ pé Pixel 8a ní àrùn yẹn. Kò sì sí ilé iṣẹ́ tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí: Samsung náà kó Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà káàkiri ayé ní ọdún 2016 nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbiná. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ó bá ṣẹlẹ̀, ta ni a ó ké sí? Ẹni tí bátìrì ti wú mọ́ lọ́wọ́ rí ló ń béèrè ìbéèrè yìí.

Ohun kejì ni 5G. MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Pixel 8a ní 5G nínú, ṣùgbọ́n Google kì í ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè àti nẹ́tíwọ̀kì tí ó bá ti fọwọ́ sí ni ó ń ṣí i fún. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbé Pixel dé ìhín ń san owó 5G, 4G ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Ṣé ọgbọ́n yẹn ni kí n máa kọ́ àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ ní ọjà?

Ohun kẹta ni ẹ̀yà ara fóònù. Bí ojú A55 bá fọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tún fóònù ṣe ló mọ ọ̀nà rẹ̀, ohun èlò Samsung sì pọ̀ nígboro. Ti Pixel, mo wá a dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin nítòsí wa. Ẹni kan ṣoṣo ló ní i, ó sì ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí òun tó ránṣẹ́ sí Èkó. Owó tí a rí jẹ lórí ìṣirò ọdún, ojú fóònù kan tí ó bá fọ́ lẹ́ẹ̀kan lè gbé e mì.

Owó ta ni ó wà nínú ewu?

Níbí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí i. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi owó ara rẹ̀ ra fóònù, òun nìkan ni fóònù náà lè dùn, òun nìkan ni ó sì lè ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ bá rà á fún un, owó gbogbo wa ló wà nínú páálí yẹn. Owó ẹni tí ń pa ₦5,000 mọ́ lóṣù wà níbẹ̀. Owó opó tí ọkọ rẹ̀ fi ìpín sílẹ̀ fún wà níbẹ̀. Oṣù 12 ni à ń fi san ọjà. Láàárín oṣù 12 yẹn ni owó ẹgbẹ́ wà nínú ewu, kì í ṣe ní ọdún keje. Bí fóònù bá kú ní oṣù kẹta, ọmọ ẹgbẹ́ náà yóò sọ pé kí nìdí tí òun yóò fi máa san owó ohun tí òun kò lò. Onídùúró rẹ̀ yóò máa sá fún wa. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbèje. Kì í ṣe òun nìkan ni igi yẹn ń dí lọ́nà nínú ẹgbẹ́. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó fẹ́ yá owó iléèwé ọmọ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e.

Nítorí náà, èwo ló sàn jù ní iye owó rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ fóònù nìkan ni a gbé kalẹ̀, Pixel 8a ni. Ọpọlọ rẹ̀ dára jù, fọ́tò rẹ̀ dára jù, ọjọ́ rẹ̀ gùn jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ yóò fi owó àjùmọ̀ní rà, níbí tí a wà yìí, Samsung ni mo fọwọ́ sí, nítorí ó ní ẹni tí a lè di mú bí nǹkan bá bàjẹ́ kí gbèsè tó tán.

Àbá tí mo mú wá

Ìkíní, kí ẹgbẹ́ ra Samsung tuntun nìkan, tí páálí rẹ̀ kò tíì ṣí, pẹ̀lú rìsíìtì tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀ àti ìwé wárántì. Kí akápò má ṣe sanwó títí yóò fi rí méjèèjì.

Ìkejì, kí á ní kí oníṣòwò mú iye owó Galaxy A56 wá pẹ̀lú, kí a tó fi ọwọ́ sí A55. Èyí jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọdún 6 ni Samsung sì ṣèlérí fún un, tí yóò gbé e dé ọdún 2031. Bí owó tí ó fi ju A55 lọ kò bá pọ̀, ọdún méjì tí ó lé yẹn yóò san án padà. Ẹ kàn mọ̀ pé wọ́n ti yọ àyè mẹ́mórì káàdì kúrò lára rẹ̀. Bí ayé ti rí nìyẹn, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọ, wọ́n á fi ti òsì gbà á.

Ìkẹta, kí á má ṣe dí ẹni tí ó bá fẹ́ Pixel lọ́wọ́. Kí ó yá owó ní ọ̀nà tí a ti ń yáwó tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú onídùúró méjì, kí ó lọ rà á fúnra rẹ̀. Arábìnrin wa tí ń ránṣọ wà lára àwọn tí mo ní lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ó fẹ́ rà, kí ó tẹ *#06# láti rí nọ́ńbà fóònù náà, kí ó fi wé ti páálí bí páálí bá wà. Kí ó fi síìmù ara rẹ̀ sí i kí ó sì pe ènìyàn lójú ẹni tí ń tà á, kí ó má bà á jẹ́ èyí tí nẹ́tíwọ̀kì òkè òkun ti tì pa. Kí ó rí i dájú pé orúkọ ẹni tí ó lò ó tẹ́lẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Nínú Pixel 8a àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, inú Settings lèèyàn ti lè wo bí ìlera bátìrì ti rí. Kí ó wò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti kọ́ mi ní èyí ní ọdún 2021, ìsìnkú tí mo dáwó fún kì bá má wáyé.

Ìkẹrin, ẹni tí ó bá jẹ́ pé ìpè, WhatsApp àti áàpù báǹkì nìkan ni ó ń fi fóònù ṣe, kò nílò ọ̀kankan nínú méjèèjì. Fóònù tí kò tó ìdajì owó yìí yóò ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n alájẹṣẹ́kù ni orúkọ tí à ń jẹ́, a kì í ṣe alájẹtán. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé aládùúgbò rẹ̀ fi fóònù ńlá ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó, kí ó wá fi oṣù 12 jẹ gbèsè.

Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ wá pẹ̀lú èrò tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ibi tí mo ti ṣìṣirò, kí ó mú bírò wá, kí a jọ tún un ṣe lójú gbogbo ilé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn Pixel, ẹ má bínú sí akọ̀wé yín. Fóònù yín dára. Ẹni tí yóò bá wa tún un ṣe ni kò tíì dé ìtòsí.

Ire o.

Akọ̀wé yín.